Asẹ́ Ìyá Mi Nínú Orin Ìkórè

Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, jí orin mi.

Asẹ́ tí ìyá mi fi sílẹ̀ kó tó kú ni mo fi ń sẹ́ gàrí. Mo fi fóònù gba ìró rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ìró odó tì í lẹ́yìn, mo ń fi ìka tò wọ́n lórí fóònù náà títí wọ́n fi di orin. Bí mo bá dijú, á dà bíi pé òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ìyá mi ń rìn bọ̀ nínú rẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni yìí. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Àyọ̀ká, ẹ ò mọ dùùrù, ẹ ò mọ gìtá, ẹ wá ní ẹ ń ṣe orin?”

Mo ní, “Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, sà. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ.”

Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, orin mi ló gbé sórí ẹ̀rọ fún ìjọ, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Mo dìde.

“Kí ló ń dún bí òjò yẹn?”

“Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni.”

Àwọn obìnrin ìjọ tó máa ń yan gàrí bú sẹ́rìn-ín. “Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kẹ̀? Asẹ́ nìyẹn!”

Látìgbà náà, ilẹ̀ ló ń wò. Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ dùùrù, ọ̀nà wo lẹ gbà dé inú asẹ́ ìyá mi? Ẹ dá mi lóhùn.