Ohun tó Mú Kí Ọmọlójú Ewúrẹ́ Dùbúlẹ̀

Nígbà láéláé, ojú gbogbo ẹranko funfun báláú bí ẹyin tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀. Wọ́n ń fi ríran o, ṣùgbọ́n ojú ọ̀hún kì í sọ nǹkan kan. Bí inú ẹranko dùn, ojú rẹ̀ á funfun. Bí ó ń sunkún, ojú rẹ̀ á funfun. Ìyá á máa wo ọmọ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, ọmọ á sì béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?"

Nígbà tó yá, Alágẹmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú kíkùn. Abẹ́ igi kan létí odò ló ti ń ṣe é. Ìyẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà ló fi ń yà á, inú ìkarahun ìgbín ló sì ń po àwọ̀ sí.

Kì í kánjú. Á kọ́kọ́ fi àwọ̀ kan tẹ́ ojú náà láti igun dé igun. Á fi èyí tó dúdú díẹ̀ jù ú lọ kun òkè rẹ̀, níbi tí òjìji ìpéǹpéjú máa ń bọ́ sí. Á wá ya dúdú roboto sáàárín, èyí tí à ń pè ní ọmọlójú. Tó bá di ọjọ́ keje, tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, á kán funfun bíńtín sí ẹ̀gbẹ́ ọmọlójú náà. Funfun bíńtín yẹn ni ìmọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ojú Alágẹmọ fúnra rẹ̀ kì í wo ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹranko méjì ló máa ń kùn pọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Òfin kan ṣoṣo ló ní: "Iwájú ni kí o máa wò. Bí o bá wo ẹlòmíì nígbà tí ìyẹ́ bá wà lójú rẹ, àwọ̀ á bá ojú rẹ lọ."

Ewúrẹ́ bí ọmọ kan ṣoṣo, Àríkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Bí igi bá dún nínú igbó, Ewúrẹ́ á ta gìrì: "Àríkẹ́ dà?" Bí Àríkẹ́ bá sín lẹ́ẹ̀kan, Ewúrẹ́ á fi imú kan iwájú orí rẹ̀, á wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. Á tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹtu ni aládùúgbò wọn. Kò tíì bímọ, ó sì fẹ́ràn ọmọ Ewúrẹ́ púpọ̀. Òun ló kọ́kọ́ lọ kun ojú. Àwọ̀ ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló yàn. Ìmọ́lẹ̀ kò tíì wọ ojú náà, síbẹ̀ bí Àríkẹ́ ṣe rí i, ńṣe ló fò sókè.

"Àǹtí Ẹtu! Ojú yín mà dára o! Ó jọ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín sí mi!"

"Ìwọ náà ni mò ń rẹ́rìn-ín sí, ọmọ dáadáa."

Láti ìgbà yẹn, Àríkẹ́ kò gbélé mọ́. Bí ó bá mu ọmú tán, kò ní nu ẹnu tí á fi sá lọ sọ́dọ̀ Ẹtu. Ewúrẹ́ nìkan á máa jẹ koríko. Á máa gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ láti ilé onílé, àyà rẹ̀ á sì máa ta á bí ẹni tó gbé ata mì.

Ní ọjọ́ kẹfà, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Àríkẹ́, kí lo ń wò lójú obìnrin yẹn gan-an?"

"Wọ́n ń wò mí ni, Màmá."

"Èmi ńkọ́? Ṣé èmi kì í wò ẹ́?"

"Ẹ máa ń wò mí. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí ojú yín ń wí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó ti mú ọmọ rẹ̀ dání, ó di ọ̀dọ̀ Alágẹmọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjọ́ keje Ẹtu pé. Ó ti jókòó sọ́wọ́ òsì, ó ń dúró de ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Àgùntàn wà lẹ́yìn, ó ń retí kó kàn án.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àríkẹ́," ni Ẹtu wí.

"Káàárọ̀." Ewúrẹ́ kò tilẹ̀ wò ó. Ó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún. "Bàbá, èwo ló tàn jù nínú àwọ̀ yín?"

"Èyí tó dà bí èso ìyeyè tó pọ́n yìí ni. Àmọ́..."

"Òun ni mo fẹ́."

"Rọra, Ìyá Àríkẹ́. Àwọ̀ tó dúdú máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Lórí èyí, bí ọmọlójú bá yẹ̀ báyìí, gbogbo ayé ló máa rí i."

"Kò ní yẹ̀. Ẹ sáà jẹ́ kó tàn ju ti ẹnì kan lọ."

"Ta ni ẹnì kan?" Àgùntàn béèrè láti ẹ̀yìn.

"Ṣé ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Alágẹmọ mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ó kun òjìji sókè rẹ̀. Ewúrẹ́ kò mira. Èèrà gun imú rẹ̀, kò mira. Alágẹmọ wá fi ọwọ́ ọ̀tún ki ìyẹ́ bọ dúdú, ó gbé e lé àárín ojú Ewúrẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì kán ìmọ́lẹ̀ sí ojú Ẹtu.

Ojú Ẹtu jí. Àríkẹ́ tó dúró síwájú rẹ̀ figbe ta.

"Hẹ̀ẹ̀n! Mo wà nínú ojú wọn! Etí mi rèé! Imú mi rèé! Àǹtí Ẹtu, ṣé kí n máa bá yín gbé?"

Ẹtu ti ń dá a lóhùn pé, "Rárá o, ọ̀dọ̀ màmá rẹ ni ilé rẹ," ṣùgbọ́n Ewúrẹ́ kò gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ti lọ sọ́wọ́ òsì. Ó rántí òfin, ó sáré dá a padà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Dúdú náà fà gbọọrọ láti igun dé igun.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń yàwòrán lójú fóònù lónìí, bí ọwọ́ yín bá yẹ̀, ẹ ó kàn tẹ ibì kan ni, àṣìṣe náà á pòórá. Alágẹmọ kò ní ibi tó lè tẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣeé pa rẹ́.

"Ó ti bàjẹ́," ni Alágẹmọ wí. "Èkejì gbọ́dọ̀ bá a mu, kí ojú rẹ má bàa máa sọ ọ̀rọ̀ méjì." Ó fa dúdú gbọọrọ sí ojú kejì náà.

Ló bá kan Àgùntàn, ẹni tí kì í ronú kó tó tẹ̀ lé ẹlòmíì. Ó ní, "Bàbá, irú tirẹ̀ yẹn náà ni kí ẹ ṣe fún mi."

Ewúrẹ́ wo ara rẹ̀ nínú odò, ó sunkún. Ọjọ́ méje ló fi dorí kodò. "Má wò mí, Àríkẹ́. Lọ wo Ẹtu rẹ." Ṣùgbọ́n Àríkẹ́ kò lọ. Ó ń yọjú lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ṣáá.

Nígbà tí ọjọ́ keje pé, tí Alágẹmọ kán ìmọ́lẹ̀ sí ojú Ewúrẹ́, Àríkẹ́ sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́.

"Màmá, mo wà níbẹ̀. Ojú yín sì ti ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ̀rù ń bà yín pé mo fẹ́ lọ."

Ewúrẹ́ fi imú kan iwájú orí ọmọ rẹ̀. Àríkẹ́ rọra lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá ọmú, ó ń mu ún. Ìyá rẹ̀ kò yíjú, síbẹ̀ ó ń rí i kedere. Nígbà tí Àríkẹ́ yó, ó sá lọ sẹ́yìn.

"Ṣé ẹ ṣì ń rí mi?"

"Mo ń rí ẹ. Sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta yẹn!"

Láti ọjọ́ náà ni ọmọlójú ewúrẹ́ ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ láàárín ojú rẹ̀ tó ní àwọ̀ ìyeyè. Bí ẹ bá rí i tó ń jẹ koríko, ẹ ó rò pé ilẹ̀ ló ń wò. Kì í ṣe ilẹ̀. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ lápá kan, ó sì ń ṣọ́ igbó tí Ẹtu ń gbé lápá kejì.