Obìnrin Tó Yọ Ara Rẹ̀ Kúrò Nínú Owó Oúnjẹ

Obìnrin kan wà, arákùnrin mi, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ilé kò tíì pọ̀, tí koríko ṣì wà láàárín ilé kan sí èkejì. Ilé tiwọn ni. Wọn ò tíì kùn ún, ṣùgbọ́n òrùlé wà lórí rẹ̀, fèrèsé wà lára rẹ̀, wọn kì í sì í san owó ilé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdí tí wọ́n fi kó kúrò láàárín ìlú nìyẹn.

Kí wọ́n tó kó débẹ̀, obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtàwé kan. Nígbà tó bí ọmọ kejì, òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó, wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. Owó tí wọn yóò máa san fún ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ, àti owó ọkọ̀ tí obìnrin náà yóò máa wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀, yóò jẹ owó oṣù rẹ̀ tán pátá. Ló bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Ó tiẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú pé òun ni yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ náà bá kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí o fi èyí sọ́kàn. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Á jáde kí oòrùn tó yọ, á wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kì í mutí, kì í gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó. Bí oṣù bá parí, kó tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ló ti máa ń fi owó oúnjẹ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Obìnrin náà sì mọ owó ná. Nígbà tí ata bá pọ̀ lọ́jà, á rà á, á sá a gbẹ, á gbé e pamọ́ de ìgbà tí yóò wọ́n. Á ti rẹ ẹ̀wà sínú omi sílẹ̀ kó tó gbé e kaná, kí gáàsì má baà tètè tán. Ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ rẹ̀ bá wọ̀ gbó, á tú u palẹ̀, á fi rán ṣòkòtò fún ọmọ. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó ilé yòókù.

Ohun kan wà tó fẹ́ràn. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú aláràbarà kọ òdòdó àti ẹyẹ sára aṣọ. Ní ọ̀sán, bí àwọn ọmọ bá ti sùn, á gbé agbọ̀n òwú rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa kọ òdòdó sára aṣọ ìrọ̀rí. Kò tà á, kò sì fẹ́ tà á. Bó ṣe ń fa òwú náà ni ara rẹ̀ á máa balẹ̀. Ní wákàtí kan yẹn, kò sẹ́ni tó ń pè é pé kó wá nu imú òun.

Nígbà tó yá, ọjà gbówó lórí. Owó oṣù ọkọ wà níbi tó wà, owó oúnjẹ náà sì wà níbi tó wà. Obìnrin náà ronú ohun tó lè dín kù. Wàrà ọmọ kò ṣeé dín kù. Ẹran tó ń bù fún ọkọ, ẹni tó ń bá ẹrù jà láti àárọ̀, kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ló bá dáwọ́ òwú rírà dúró. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé agbọ̀n náà sókè lórí àpótí aṣọ, níbi tí ojú rẹ̀ kò ti ní máa bá a pàdé.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìtàwé. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí lọ, á pè é lórí fóònù. Wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, débi pé ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn láìmọ ohun tó ń rín. Nígbà tí ọjà tún lé sí i, owó káàdì ìpè ni obìnrin náà tún yọ. Abọ́sẹ̀dé ló wá ń pè é. Ṣùgbọ́n ojú ń ti obìnrin náà pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń náwó sí ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ kúrú, á ní ọmọ ń sunkún, á ní ọbẹ̀ wà lórí iná. Ìpè náà ń ṣọ̀wọ́n, títí tí kò fi dún mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan owó ọkọ̀ tó fi ń lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn àtijọ́. Ó sọ fún wọn pé ọmọ òun ṣì kéré. Ọmọ náà dàgbà, kò padà lọ.

Ibì kan ló wá kù tó ti ń gbọ́ ohùn àgbàlagbà: ilé ìlọta tó wà lápá ibi tí títì ọlọ́dà wà. Àwọn obìnrin máa ń tò síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ata wọn, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ títí yóò fi kàn wọ́n. Kò bá wọn ṣọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n a máa kí i pé, "Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú ìrìn." Ìyẹn tó o. Ọkọ rẹ̀ wá rí i lọ́jọ́ ìsinmi kan bó ṣe ń bọ̀ nínú oòrùn, ọmọ lẹ́yìn, abọ́ lórí. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó tu owó jọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ra ẹ̀rọ ìlọta kékeré tó ń lo iná wálé fún un. Obìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, àfi bí kò bá sí iná ni kò ní lọ ata nílé. Nígbà mìíràn, bó bá ti ń bó àlùbọ́sà, á kàn máa retí nínú ọkàn rẹ̀ pé kí wọ́n mú iná lọ.

Ilé náà wá dákẹ́. Ohùn ọmọdé kún ibẹ̀ o, ṣùgbọ́n ilé dákẹ́. Obìnrin náà máa ń tan rédíò sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó ń ka ìròyìn kí àwọn olùgbọ́ pé ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí. Obìnrin náà dá a lóhùn láti ibi tó ti ń fọ abọ́. Ó ní, "Dáadáa ni, ẹ ṣeun." Ẹniọlá, àkọ́bí rẹ̀, yíjú sí i, ó ní, "Màmá, ta lẹ ń dá lóhùn?" Ó ní kò sẹ́ni kankan.

Ìrọ̀lẹ́ ló kù fún un. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa kó ọ̀rọ̀ jọ: ohun tí ọmọ sọ, ejò tó rí nínú koríko, àlá tó lá. Bó bá gbọ́ tí géètì dún, inú rẹ̀ á dùn. Ọkọ á wọlé. Á béèrè bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà. Á jẹun. Kí obìnrin náà tó kó abọ́ délé ìdáná, kó sì padà wá jókòó, oorun á ti gbé ọkọ lọ lórí àga. Ọ̀rọ̀ tó kó jọ á sì kú sí i nínú. Bí oṣù bá parí, ọkọ á wò ó, inú rẹ̀ á dùn, á ní, "Owó yẹn tún tó wa lóṣù yìí. O ṣeun."

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọkọ náà yọ̀ ṣubú níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Wọ́n dì í fún un ní ọsibítù, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé títí yóò fi jinná. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wá kí i. Wọ́n á mú búrẹ́dì wá, wọ́n á pariwo, wọ́n á lọ. Nígbà tó ṣe, wọn ò wá mọ́. Ó ń pè wọ́n lórí fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, ariwo ẹrù ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n á ní àwọn máa pè é padà.

Ọkùnrin náà jókòó sẹ́bàá fèrèsé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wo koríko. Ó wo ojú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Bí ajá bá gbó, á na ọrùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ohun kékeré, síbí tó jábọ́, ọmọ tó ń kọrin kan náà lákọtúnkọ. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Ó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti sùn, obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọkọ rẹ̀ wò ó títí.

Ó ní, "Báwo lo ṣe ń ṣe é?"

Ìyàwó ní, "Ṣe kí ni?"

"Báyìí. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ni o máa ń bá sọ̀rọ̀?"

Obìnrin náà kò gbójú sókè. Ó ṣa òkúta kan kúrò, ó sọ ọ́ nù.

"Ẹ̀yin ni," ló wí. "Ẹ̀yin ni mo máa ń dúró dè."

Ọkùnrin náà wá bi í léèrè nípa Abọ́sẹ̀dé, ó ní ṣé wọn kì í pe ara wọn mọ́ ni. Ó bi í nípa ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi í nípa àwọn aṣọ tó máa ń kọ òdòdó sí, ó ní ọjọ́ wo lòun ti rí i nídìí rẹ̀ gbẹ̀yìn. Obìnrin náà sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí, láìgbóhùn sókè, bí ẹni tó ń ròyìn ọjà.

Ọkùnrin náà ní, "Ṣùgbọ́n mo rò pé owó yẹn ń tó wa."

Ìyàwó ní, "Ó ń tó. Mo yọ ara mi kúrò nínú rẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà gbé ojú sí fèrèsé. Nígbà tó yí padà, obìnrin náà rí i pé omi wà lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sunkún. Ó ti pẹ́ tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sunkún níwájú ẹlòmíràn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san, ọkọ ní òun yóò máa jókòó ti àwọn ọmọ ní ọ̀sán Sátidé, kí ìyàwó òun lè jáde. Ní Sátidé àkọ́kọ́, obìnrin náà wọṣọ, ó wọkọ̀ lọ sí ilé Abọ́sẹ̀dé. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó ń béèrè ti kó lọ sí Ìlọrin láti ọdún tó kọjá. Ìyá Ẹniọlá pe nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò wọlé mọ́. Kò sí ẹni tó mọ nọ́ńbà rẹ̀ tuntun.

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ìlú ń lọ, ó ń bọ̀, òun kò sì mọ ilé ẹlòmíràn tó lè yà sí. Ó padà sílé kí oòrùn tó rọ̀. Ẹnu ya ọkọ rẹ̀ pé ó ti dé. Nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé ló bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ rọra wọ́ ẹsẹ̀ wá, ó jókòó tì í lórí àkéte. Kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Nígbà tí ẹkún náà tán fúnra rẹ̀, ó bi í pé, "Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Ìyàwó nu ojú. Ó ní, "Màá lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin."

Ó sì lọ. Àwọn kan kò dá a mọ̀ mọ́, ó sì jókòó lẹ́yìn. Ó tún lọ lọ́sẹ̀ kejì.

Ní òpin oṣù tí ọkọ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó mú owó oúnjẹ dé bó ti máa ń ṣe. Kó tó fi lé ìyàwó lọ́wọ́, ó ní, "Èwo ni tìrẹ nínú rẹ̀?" Ìyàwó wò ó bóyá ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré. Ìyàwó mú díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀, ó mú díẹ̀ fún òwú. Ẹran inú ọbẹ̀ kéré sí i lóṣù náà. Kò sẹ́ni tó kú.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ọkùnrin náà di ẹlòmíràn. Ìgbà mìíràn wà tí oorun ṣì máa ń gbé e lọ lórí àga. Títí di òní náà, obìnrin yẹn kò tíì rí Abọ́sẹ̀dé.

Ìwọ tó jókòó níwájú mi yìí, o sọ fún mi pé inú ilé rẹ tòrò. O ní ìyàwó rẹ kì í béèrè nǹkan kan, pé ohun tí o bá fún un máa ń tó o, o sì ń fi í yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n máa lọ sílé báyìí, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Bi í léèrè ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́. Bi í léèrè ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lónìí. Má bi í níwájú ọmọ, má sì dúró dìgbà tí oorun bá ti ń kùn ọ́. Yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, má dìde.