Àgúnmu Inú Ẹ̀kọ

Ọkùnrin kan ń wọ ọsibítù bọ̀, ó di àbúrò rẹ̀ lápá mú, nítorí pé àbúrò náà ń tòògbé lórí ìdúró. Ọdún kejì nìyí tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Ó máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó sì máa ń fura pé wọ́n ń fi nǹkan sínú oúnjẹ òun. Oògùn dókítà ti pa àwọn ohùn náà lẹ́nu mọ́, àbúrò sì ti padà sí ìsọ̀ télọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀. "Oorun yìí pọ̀ jù. Ṣé ó ń lo nǹkan mìíràn mọ́ oògùn wa? Àgbo ńkọ́? Mi ò ní bá yín jà."

"Rárá o, mà. Oògùn yín nìkan ni," ẹ̀gbọ́n dáhùn.

Irọ́ ni. Ẹnìkan ti ta àgúnmu fún un, ó ní ewé kì í pa ènìyàn lára. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé àbúrò òun kò ní gbà á, ó wá ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun pupa díẹ̀ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, àbúrò sì ti tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ jẹ́ n rí ìka yín, bọ̀dá mi."

Ẹ̀gbọ́n ká ọwọ́ kò.

"Irú rẹ̀ ni mo ń rí ní ìsàlẹ̀ ife mi. Nígbà tí mo sọ fún yín, ẹ ní àìsàn mi ló tún dé. Ẹ ní kí n kúkú máa gbé ìkòkò ẹ̀kọ mọ́ra sùn."

"Ewé lásán ni. Mo fẹ́ kí ara rẹ tètè yá ni."

Nọ́ọ̀sì ní kí ó mú àgúnmu náà wá kí dókítà wò ó, torí ó ṣeé ṣe kí àgúnmu àti oògùn jọ máa kun àbúrò lóorun. Ó na oògùn oṣù náà sí àbúrò. Àbúrò yí páálí náà síwá sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí ni wọ́n pò mọ́ èyí?"

Ìwọ tí ò ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. Ewé lè bá oògùn jà. Má fi í pamọ́ fún dókítà, má sì fi í pamọ́ fún ẹni tí yóò gbé e mì. Àìsàn ti sọ fún un pé òpùrọ́ ni gbogbo wa. Má ṣe bá àìsàn jẹ́rìí.

Ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí. Àbúrò rẹ̀ gbé páálí oògùn sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì bọ́ síta.