Ẹyin Tó Ń Rùn Bí Ẹja

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu Ìyá Àbẹ̀ní, àfi ìgbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ, tí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní ọ̀sìn adìẹ ti ní kí ìyá máa po èso fláàsì, tó jọ yànmọ̀tí, mọ́ oúnjẹ adìẹ, kí ẹyin wọn lè túbọ̀ ṣara lóore: ẹ̀kúnwọ́ kan sí ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo mẹ́wàá.

“Ẹ̀kúnwọ́ kan fún olómọ tuntun kẹ̀?” ni ìyá wí, ló bá ń fi igbá bù ú.

Kò pẹ́ tí olómọ tuntun fi tu ẹyin sísè dànù. “Ẹ má bínú, mà, ó ń rùn bí ẹja.”

Àyà ìyá já. Ó ní àrùn ti wọlé, ó ti ń pọ́n ọ̀bẹ láti pa gbogbo adìẹ náà nígbà tí ọ̀gá dé. Ọ̀gá wo adìẹ, ó wo igbá, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ara adìẹ yín le koko. Fláàsì ló pọ̀ jù, òun ló mú ẹyin rùn.”

Ìyá mí kanlẹ̀, ó sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, ó padà sí ẹ̀kúnwọ́ kan. Nígbà tó yá, olómọ tuntun jẹ ẹyin kan, ó tún béèrè èkejì.

“Oògùn wo lẹ fi wo àwọn adìẹ sàn?” ni aládùúgbò bi ìyá.

“Adìẹ ò ṣàìsàn. Ọwọ́ mi ni mo wò sàn.”