Ìdí Tí Ìyá Adìyẹ Fi Ń Wí Pé “Kò, Kò, Kò”

Ní ayé ìjọ́hun, adìyẹ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọ títọ́. Yóò yé ẹyin síbi tó bá wù ú nínú igbó, yóò sàba lé e. Bí ẹyin bá ti pa, yóò dìde, yóò gbọn ìyẹ́, yóò bá tirẹ̀ lọ. Kò ní wẹ̀yìn wò. Òròmọdìyẹ tó bá yè, ó yè nìyẹn. Èyí tí àṣá bá gbé, kò sẹ́ni tí yóò béèrè rẹ̀.

Àwọn èèyàn náà kò sì tíì máa sin adìyẹ. Wọ́n ń sin ajá, wọ́n ń sin ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ igbó lásán ni wọ́n ka adìyẹ sí.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun àti ọkọ rẹ̀, Láṣebìkan, ń gbé létí igbó. Elùbọ́ ni Àwẹ̀ró ń ṣe. Yóò bọ iṣu, yóò sá a sórí àpáta kan nítòsí ilé títí yóò fi gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń ti ibi àpáta bọ̀, ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín nídìí igi kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Àwọn òròmọdìyẹ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ara wọn ṣì tutù. Ìyá wọn ti lọ.

Àánú ṣe Àwẹ̀ró. Ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé wọn wálé.

Láṣebìkan yọjú wo inú apẹ̀rẹ̀ náà. “Kí lo fẹ́ fi àwọn wọ̀nyí ṣe?”

“Mo fẹ́ sìn wọ́n ni.”

“Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń sìn wọ́n?”

“Kí ló le níbẹ̀, ọkọ mi? Oúnjẹ àti omi náà ni.”

Láṣebìkan kò bá a jiyàn. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó gba oko lọ.

Àwẹ̀ró da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ṣá a títí, wọn kò rí i gbé mì, ni wọ́n bá fi igbe bọnu. Ó lọ àgbàdo náà lórí ọlọ. Wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tú ìyókù ká sínú erùpẹ̀.

Ó bu omi sínú àwo kan tó jìn. Èyí tó kéré jù nínú wọn gun etí àwo, ó sì já sínú omi. Kí Àwẹ̀ró tó sáré débẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sẹ́bàá ààrò kó lè rí ooru. Kò jí mọ́.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Àwọn yòókù kò tiẹ̀ jẹ́ kó sunkún tán. Wọ́n ti rí i pé ẹ̀bá ààrò móoru, wọ́n sì ti ń rìn bọ̀ tààrà síbi iná.

“Ẹ padà. Iná nìyẹn.”

“Òtútù ń mú wa,” ni gbogbo wọ́n wí.

Ó kó wọn lọ sínú oòrùn.

“Oòrùn ń pa wá.”

Ó kó wọn lọ sábẹ́ ìbòòji.

“Òtútù ń mú wa.”

Ó fi aṣọ bò wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò ríran. Ó ṣí aṣọ kúrò, ni wọ́n bá sáré gun orí àpáta, wọ́n rìn lórí iṣu tó sá síbẹ̀, wọ́n sì ṣu sórí rẹ̀.

Àwẹ̀ró káwọ́ lérí. “Kí lẹ wá fẹ́ gan-an?”

Wọ́n wo ara wọn lójú. “A ò mọ̀,” ni wọ́n wí.

Bí Àwẹ̀ró ṣe kó wọn padà sínú apẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó wọ igbó lọ wá ìyá wọn. Ó bá a nídìí òkìtì ikán, ó ń jẹun.

“Ìwọ adìyẹ, àwọn ọmọ rẹ nìyí. Wá gbà wọ́n.”

Adìyẹ kò gbórí sókè. “Ẹyin ni mo yé. Mo sì jókòó lé e títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ kò kàn mí.”

“Ṣé èmi ló wá kàn?”

“Ìwọ lo ṣà wọ́n nílẹ̀. Ta ló rán ọ?”

Àwẹ̀ró gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. “Ọ̀kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́,” ó wí. “Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Jọ̀ọ́, bá mi mójú tó wọn di ìrọ̀lẹ́, kí n lọ tún iṣu mi ṣà. Bí o bá ṣe é, wàá máa jẹ lára oúnjẹ ilé mi, wàá sì máa wọ abẹ́ òrùlé mi bí òjò bá ń rọ̀.”

Adìyẹ rántí òjò tó ti ń pa á nínú igbó. “Di ìrọ̀lẹ́ nìkan o. Bó bá ti tó àkókò, kó o wá kó ẹrù rẹ.”

Àwẹ̀ró kò tíì rìn jìnnà tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀.

“Ebi ń pa wá.”

“Kò kàn mí.”

Igbe náà kò dáwọ́ dúró. Adìyẹ fi ẹsẹ̀ ya òkìtì náà tìbínú-tìbínú, ikán dà sílẹ̀, àwọn ọmọ sì ṣà á jẹ. Ó kúrò níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e. Ó yà sápá òsì, wọ́n yà sápá òsì.

“Èmi kọ́ ni ìyá yín. Kò kàn mí. Kò kàn mí.” Bó ṣe ń wí lọ nìyẹn, tó ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn mú, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kò lè wí i tán mọ́. “Kò… kò… kò…” nìkan ló ń jáde. Àwọn ọmọ rò pé orúkọ wọn ni. Bó bá ti wí i, wọ́n á sáré wá.

Òjìji kan kọjá lórí ilẹ̀. Àṣá bà sórí ẹ̀ka gbígbẹ kan.

“Adìyẹ, ta ló ni àwọn ọmọ yìí? Mi ò fẹ́ bá ọ jà. Bí wọn kì í bá ṣe tìẹ, sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

Èsì ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu adìyẹ. Ó lanu. “Kò…”

Àwọn ọmọ gbọ́ orúkọ wọn. Gbogbo wọ́n rọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì mọ́ ikùn adìyẹ. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà kò jáde mọ́.

“Kò kí ni?” àṣá béèrè.

“Kò sí èyí tí wàá gbé níbẹ̀.”

Gbogbo ìyẹ́ ara adìyẹ dìde, ó rí bìrìkìtì bí àgbọ̀n òwú. Ó fò mọ́ àṣá lójú. Àṣá kò rí irú rẹ̀ rí lára adìyẹ. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró dé. Ó bá adìyẹ lórí ìjókòó, àwọn ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀, wọn kò ké. Ó dúpẹ́, ó na ọwọ́ láti kó wọn. Adìyẹ ṣá a lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ jáde.

“Ṣebí o ní wọn kò kàn ọ́?”

“Kò,” ni adìyẹ wí.

“Kò kí ni?”

Adìyẹ fi ojú kan wò ó. Ó dìde, ó kọrí sí ilé Àwẹ̀ró, àwọn ọmọ tò tẹ̀ lé e, wọ́n sì wọ abẹ́ òrùlé. Àwẹ̀ró ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo, ó ń fi ẹnu fa ọwọ́ rẹ̀. Inú ń bí i, ara sì tù ú.

Ọjọ́ yẹn ni adìyẹ ti di ará ilé. Ọjọ́ yẹn náà ló sì ti ń ráhùn. Bí ẹ bá rí ìyá adìyẹ tó ń kó ọmọ kiri, ẹ tẹ́tí sí i. Yóò máa fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀, yóò máa wí pé, “Kò, kò, kò,” bí ẹni tí nǹkan ti sú. Bí ẹ bá sún mọ́ àwọn ọmọ náà, yóò ṣá yín, ì báà jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń fún un lóúnjẹ. Kò tíì parí gbólóhùn náà títí di òní. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì béèrè ìyókù. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á sáré lọ bá a.