Orin Tí Àrínpé Jó

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn kí n gbọ́! Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó balẹ̀ gbì lẹ́bàá odò. Ààlọ̀ mi dá lórí Àrínpé àti ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Abánikọ.

Ní ìlú kan, wọ́n mọ odi dí odò, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn irin sí i. Àrínpé ni wọ́n ní kó kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí ilẹ̀kùn náà yóò máa tẹ̀ lé bí òjò bá rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa ṣí, kí omi má baà ya. Nísàlẹ̀ odò gan-an ni ìyá Àrínpé ń gbin ẹ̀fọ́, ibẹ̀ náà ni ahéré rẹ̀ wà. Ìyá kan ṣoṣo tó ní láyé!

Abánikọ ló ń bá a kọ ọ́. Ẹ̀rọ yìí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́nni lé. Ó ní, "Àrínpé, o ṣìṣe. Ilẹ̀kùn yìí yóò ṣí gbàgà."

Inú bí Àrínpé. "Èmi lò ń pè ní 'o'? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?"

Wọ́n máa ń yí ìwà Abánikọ bí ẹni ń yí iná fìtílà. Àrínpé nawọ́, ó yí i sí ìtẹríba. Kírí!

Abánikọ ní, "Ọ̀gá mi, ọpọlọ yín pé! Ẹ kú làákàyè! Ilẹ̀kùn yín lè ṣí gbàgà o, ṣùgbọ́n ta ni èmi tí n óò bá yín jiyàn?"

Ìyìn nìkan ni Àrínpé gbọ́. Nígbà tó yá, ìyìn náà sú u. Ó ní, "Pa mí lẹ́rìn-ín jàre." Ó yí i sí àwàdà. Kírí, kírí! Ó yí i dé òpin.

Ni Abánikọ bá bú sẹ́rìn-ín kèékèé, ó fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Àrínpé, Àrínpé o!
*Jáńjálájàn.*
Ilẹ̀kùn fẹ́ ṣí gbàgà o!
*Jáńjálájàn.*
Ìyá rẹ ń bẹ nísàlẹ̀ o!
*Jáńjálájàn.*
Ẹja yóò bá a ṣọ̀rẹ́ o!
*Jáńjálájàn.*

Àrínpé dìde, ó ń jó. Ó jó sọ́tùn-ún, ó jó sósì. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí náà ń pàtẹ́wọ́, ẹ ń mi orí! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí orin náà wí? Ẹ dákẹ́ ná.

Àrínpé fi àṣẹ náà sára ilẹ̀kùn láìtún un ṣe. Òjò ṣú dùdù. Ó rọ̀ wàà. Akàn sáré jáde látinú odò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Àrínpé! Omi ti dé ọrùn odi! Ilẹ̀kùn ń gbọ̀n!"

Àrínpé kígbe, "Abánikọ, kí ni ká ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́ màmá ní ìlúwẹ̀ẹ́!" Ẹ̀rín kèékèé.

 Orin náà padà wá sí Àrínpé létí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. "Yéè! Ikú ìyá mi ni mo ń jó sí!" Ó yí ìwà ẹ̀rọ náà padà. Kírí! "Bá mi wí! Pè mí ní 'o'!"

Abánikọ ní, "Àrínpé, sáré lọ gbé ìyá rẹ. Jẹ́ kí n tún àṣẹ náà kọ. Má bojú wẹ̀yìn."

"Tún un kọ!" Àrínpé ti sá lọ. Ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n. Bí wọ́n ti gun òkè tán, ilẹ̀kùn ṣí, gbàgà! Omi gbá ahéré lọ, ó gbá ẹ̀fọ́ lọ. Kó tó gbá ìlú, ilẹ̀kùn padà tì, gbàmù. Abánikọ ti tún àṣẹ náà kọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Àrínpé fẹ́ yọ àwàdà kúrò lára ẹ̀rọ náà pátápátá. Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún un, ọmọ mi. Ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ a máa súni. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ òótọ́ tán."

Àrínpé yí i díẹ̀.

Abánikọ ní, "Ilẹ̀kùn ti tì, kò séwu mọ́. Màmá, ẹ̀fọ́ yín ti lọ." Ó tún ní, "Ọbẹ̀ àwọn ẹja á dùn lónìí o."

Ìyá ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ààlọ̀ mi kọ́ wa pé ká má lé òótọ́ lọ nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò dùn, torí bó bá padà wá nínú ẹ̀fẹ̀, a lè jó o kọjá. Bí mo bá parọ́, kí ohùn mi há.

Ó yá, ìwọ tó pàtẹ́wọ́ jù, dìde. Kí ni orin náà wí?