Ọwọ́ Tí Obìnrin Náà Nà

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ. Ó mọ abẹ lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ ni àwọn aláìsàn fi ń ròyìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ́ ènìyàn sórí tábìlì, á di ọwọ́ onítọ̀hún mú, á máa bi í léèrè ilé àti ọmọ, títí oògùn oorun á fi gbé e lọ. Ìgbà náà ló tó ń lọ fọ ọwọ́.

Ẹ̀rọ dé. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà dára. Ó lápá mẹ́rin, apá rẹ̀ kì í gbọ̀n, ojú ibi tó ń gé kì í fẹ̀ ju ìka lọ. Oníṣẹ́ abẹ á jókòó sí igun yàrá, á ki ojú bọ inú awò tó ń fi inú aláìsàn hàn án, á máa fi ìka darí apá ẹ̀rọ náà. Ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó yá, aláìsàn kò tíì sùn tí òun ti jókòó sí igun.

Obìnrin kan wá tí kókó wà nínú ikùn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó fẹ́ padà sílé. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà, tí dókítà yìí ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún rí, ní, "Ìyá Adédoyin, fọkàn balẹ̀. Wọ́n á di ọwọ́ ẹ mú títí oorun á fi gbé ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Lórí tábìlì, ó na ọwọ́. Ó ní, "Dókítà dà?"

Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ní, "Wọ́n wà níbí, mà."

"Mi ò rí wọn."

Dókítà gbọ́. Ó ń tún awò ṣe lọ́wọ́, kò dìde. Irin iṣẹ́ kún ọwọ́ tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà na ọwọ́ títí ó fi sùn.

Ẹ̀rọ kò ṣe àṣìṣe kankan. Ọkàn obìnrin náà ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, a sì sa gbogbo ipá wa, kò jí.

Ọkọ rẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni. Sìmẹ́ǹtì ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, àṣẹ Ọlọ́run ni. Ẹ ṣáà di ọwọ́ ẹ̀ mú, àbí?"

Dókítà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Rárá."

Ìgbà yẹn ni bíríkìlà tó bú sẹ́kún. Ó ní, "A jẹ́ pé mo tàn án."

Ìwọ dókítà ọ̀dọ́ tí wọ́n ń rán lọ kọ́ ẹ̀rọ yìí lóṣù tó ń bọ̀, lọ kọ́ ọ dáadáa. Àga igun yẹn kò ní sá lọ. Kọ́kọ́ lọ di aláìsàn rẹ lọ́wọ́ mú. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹnìkan ti fi ọwọ́ rẹ ṣèlérí fún un nílé.